Ahọ́n Fèrè: Àlàyé lórí Fèrè Alápò àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Àwọn Tí Ń Ṣe É

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lórí ètò yìí dá lórí ohun kékeré kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tí ó sì fẹ́lẹ́ gidigidi, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé òun ni ó ń gbé ohùn jáde nínú ọ̀kan nínú àwọn ohun èlò orin tí ìró wọn ń rìn jìnnà jù lọ láyé. Ohun èlò orin náà ni fèrè alápò, èyí tí a mọ àwọn ará ilẹ̀ Scotland mọ́. Ohun kékeré tí ó wà nínú rẹ̀ ni a óò máa pè ní ahọ́n fèrè.

Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ni ó pa ará Ìkẹ́rẹ́, ará Ìsẹ̀, ará Ọ̀rùn tàbí ará Emùré pọ̀ mọ́ fèrè àwọn òyìnbó? Ìbéèrè náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí a tó dáhùn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yà sí oko. Ọmọdé kan tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí oko. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, ó já ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ kan. Ó gé ewé orí rẹ̀ dànù ní ibi tí ihò inú ọ̀pá náà ti dí. Ó fi ọ̀bẹ la ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ara rẹ̀ nítòsí orí tí ó dí yìí, ó ki ibẹ̀ bọ ẹnu, ó sì fẹ́ ẹ. Lójú kan náà ni ọ̀pá ewé lásán di fèrè tí ń ké bí ọmọ ewúrẹ́. Inú ọmọ dùn, ó sì ń fun ún títí etí ìyá rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ di.

Àgbàlagbà a máa wo èyí bí eré ọmọdé, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ńlá ni ó wà nínú rẹ̀. Etí ìlà tí ọmọ náà là ń ṣí, ó ń pàdé, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó ti ń ṣí tí ó ń pàdé ni ó ń gé èémí ọmọ náà sí wẹ́wẹ́, èémí tí a gé wẹ́wẹ́ yìí ni etí wa sì ń gbọ́ bí ohùn. Ọgbọ́n yìí gan-an ni ó wà nínú fèrè alápò. Àwọn Hausa náà mọ̀ ọ́n, wọ́n a máa fi pòpórò ọkà bàbà ṣe irú fèrè bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ahọ́n fèrè kì í ṣe àlejò láàárín wa. Ohun tí ó ṣe àjèjì sí wa ni ọ̀nà tí àwọn ẹlòmíràn gbà tọ́jú ìmọ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì sọ ọ́ di iṣẹ́ tí ń bọ́ ènìyàn. Orí èyí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa yóò dá lé.

Bí a bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé wa yékéyéké, ó yẹ kí a pín àwọn ohun èlò orin tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí ní ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà kìíní ni èyí tí ètè ènìyàn fúnra rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ ahọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ti kàkàkí, ti ìwo ẹran, ti ọ̀kinkin tí a fi eyín erin ṣe, àti ti ipè gbogbo. Afunpè a pa ètè pọ̀, ètè náà a sì máa gbọ̀n bí ó ti ń fẹ́ atẹ́gùn jáde. Ọ̀nà kejì ni ti fèrè ọparun, níbi tí atẹ́gùn ti ń sáré kọlu etí ihò kan, tí ó sì ń pín sí méjì. Ọ̀nà kẹta ni ti àwọn tí wọ́n ní ahọ́n tiwọn. Ahọ́n yìí sì pín sí oríṣi méjì. Ọ̀kan ni ahọ́n oníwẹ́ kan, irú èyí tí ọmọ wa gé sí ara ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ. Èkejì ni ahọ́n oníwẹ́ méjì, níbi tí a ti so wẹ́ méjì tín-ínrín pọ̀ tí wọ́n kọjú sí ara wọn bí ètè òkè àti ètè ìsàlẹ̀.

Fèrè alápò ti ilẹ̀ Scotland ní oríṣi ahọ́n méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí a tú u palẹ̀. Àkọ́kọ́ ni àpò awọ, èyí tí afunfèrè ń há sí abíyá. Ọ̀pá kan wà tí ó fi ń fẹ́ èémí sínú àpò náà, ìdérí kékeré kan sì wà ní ìdí ọ̀pá yìí tí kì í jẹ́ kí èémí náà padà sẹ́nu. Ọ̀pá kejì ni ọ̀pá olórin. Òun ni ó ní ihò tí ìka ń dí tí ìka ń ṣí, inú rẹ̀ sì ni ahọ́n oníwẹ́ méjì wà. Ohùn 9 péré ni ó lè mú jáde. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀pá 3 tí a gbé lé èjìká, tí a lè pè ní ọ̀pá ìkùn, nítorí pé wọ́n kàn ń kùn bí oyin ni, ohùn wọn kì í yí padà. Méjì kéré, ọ̀kan tóbi, ohùn èyí tí ó tóbi sì rẹlẹ̀ sí ti àwọn méjì yòókù. Ahọ́n oníwẹ́ kan ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àpapọ̀ ahọ́n tí ó wà nínú fèrè kan ṣoṣo jẹ́ 4.

Ẹni tí ó bá mọ ìlù dùndún kò ní pẹ́ mọ ohun tí àwọn ọ̀pá wọ̀nyí ń ṣe. Nínú agbo dùndún, ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀. Àwọn omele a máa dì í mú, wọn kì í kúrò lójú kan náà, orí ohun tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ni ìyáàlù ti ń fọhùn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá ìkùn ń tẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀pá olórin. Ìyàtọ̀ kan wà, ó sì ṣe pàtàkì fún àwa tí a ń kọ́ èdè. Ọ̀pá olórin kì í dákẹ́, nítorí pé àpò ń ti atẹ́gùn sínú rẹ̀ láìsinmi. Bí afunfèrè bá fẹ́ fun ohùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kò lè dánu dúró láàárín wọn. Ohun tí ó máa ń ṣe ni pé yóò fi ìka ta ohùn mìíràn fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín wọn, kí etí lè mọ̀ pé méjì ni wọ́n. Iṣẹ́ tí kọ́ńsónáǹtì ń ṣe láàárín fáwẹ̀lì méjì nínú ọ̀rọ̀ ẹnu ni ohùn tíńtín yẹn ń ṣe nínú orin.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń gé ahọ́n. Ìféfe kan tí ń hù ní ìhà òkun Mẹditaréníà ni wọ́n fi ń ṣe ahọ́n fèrè láti ayébáyé. Ìdílé koríko kan náà ni òun àti èèsún àti ọparun tiwa ti wá, ṣùgbọ́n ti ìhà gúúsù ilẹ̀ Faransé ni òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ. Ìgbà òtútù ni wọ́n ń gé e. Wọn kì í lò ó ní tútù, wọn a sá a, wọn a tò ó jọ, wọn a sì fi sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí omi ara rẹ̀ tó gbẹ tán. Lẹ́yìn èyí ni oníṣẹ́ yóò là á sí wẹ́wẹ́, yóò gbẹ́ inú rẹ̀, yóò sì fi ọ̀bẹ mímú fá ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ọ̀pá olórin ni, yóò mú wẹ́ méjì tí wọ́n dọ́gba, yóò dì wọ́n mọ́ orí ọ̀pá bàbà tín-ínrín kan, yóò sì fi òwú tí a fi ìda oyin pa wé wọn gírígírí.

Ibi fífá yìí ni a ti ń mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọṣẹ́. Bí wẹ́ náà bá nípọn jù, kò ní fọhùn, bí afunfèrè tilẹ̀ fẹ́ ẹ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Bí ó bá fẹ́lẹ́ jù, yóò máa han bí ẹyẹ tí okùn mú. Díẹ̀ ni ó wà láàárín méjèèjì. Kò sí ìwé tí ó lè fi díẹ̀ náà han ènìyàn. Ọwọ́ ni ó ń mọ̀ ọ́n, etí ni ó sì ń jẹ́rìí sí i. Oníṣẹ́ a fá díẹ̀, a fi sẹ́nu fẹ́ ẹ, a tún fá díẹ̀. Ohun tí ó bá ti fá kúrò, kò lè dá a padà mọ́.

Nígbà tí ahọ́n bá sì ti di lílò tán, kì í pẹ́ láyé. Omi èémí ń mu ún, ó ń gbẹ, ó tún ń rin. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tàbí ọdún kan bí ó bá pẹ́ díẹ̀, yóò rọ, ohùn rẹ̀ yóò sì ṣá. Àfi kí a jù ú nù kí a gé òmíràn. Ṣùgbọ́n igi fèrè kì í ṣá bẹ́ẹ̀. Àwọn fèrè kan tí wọ́n gbẹ́ ní ìgbà tí ó lé ní 100 ọdún sẹ́yìn ṣì ń fọhùn lónìí. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nìyí: ara fèrè lè ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò ju ìwọ̀n ọdún kan lọ. Bí ẹni tí ó mọ ahọ́n gé bá kú tí kò fi ọmọṣẹ́ sílẹ̀, fèrè náà di igi lásán tí a lè gbé kọ́ ara ògiri.

Àpò fèrè náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Awọ àgùntàn tàbí ti màlúù ni wọ́n fi ń rán an láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn a sì da oyin pọ̀ mọ́ àwọn nǹkan mìíràn sínú rẹ̀ kí awọ má bàa gbẹ, kí atẹ́gùn má sì jò. Ní òde òní, ọ̀pọ̀ ni ó ti ń lo aṣọ tí a ṣe ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, àwọn mìíràn sì ń fi ọ̀rá ṣe ahọ́n ọ̀pá ìkùn. Iṣẹ́ àpò náà ni láti jẹ́ kí atẹ́gùn máa lọ láìdáwọ́ dúró. Bí afunfèrè bá ń mí sínú, yóò fi apá fún àpò. Bí ó bá ń fẹ́ èémí síta, yóò dẹ apá díẹ̀. Àgbẹ̀dẹ tiwa ti mọ ìdí abájọ èyí láti ìgbà láéláé. Ẹwìrì alápò méjì kì í jẹ́ kí iná àgbẹ̀dẹ sinmi: bí ọ̀kan bá ń fa atẹ́gùn, èkejì a máa tú u sílẹ̀.

Àwọn afunfèrè kan tilẹ̀ wà ní orílẹ̀-èdè wa tí wọn kò lo àpò awọ rárá, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn sì ń ṣe iṣẹ́ àpò. Àwọn ni àwọn tí ń fun algaita ní ààfin àwọn ọba ilẹ̀ Hausa, bíi Kano, Katsina àti Zaria. Ahọ́n oníwẹ́ méjì ni algaita ní, awọ ni a sì fi ń bo igi rẹ̀. Ẹni tí ń fun ún a kó atẹ́gùn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì títí wọn yóò fi wú bí ọ̀pọ̀lọ́. Bí ó ti ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti atẹ́gùn sínú fèrè ni ó ń fi imú fa èémí mìíràn. Nípa bẹ́ẹ̀, ohùn fèrè kò ní já, bí oríkì ọba tilẹ̀ gùn bí òpópó ọ̀nà.

Orúkọ algaita yìí gan-an ni ó so wá pọ̀ mọ́ fèrè alápò. Gbogbo ẹni tí ó bá mọ èdè Lárúbáwá díẹ̀ mọ̀ pé àfikún ni al tí ó wà níwájú rẹ̀. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, gaita ni yóò kù. Ní ilẹ̀ Morocco, ghaita ni wọ́n ń pe irú fèrè oníwẹ́ méjì bẹ́ẹ̀. Ní Galicia, ní apá àríwá ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Spain, gaita ni orúkọ fèrè alápò. Ní Bulgaria, gaida ni wọ́n ń pe tiwọn. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Àwọn kan ní Lárúbáwá ni, àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Yúróòpù tí ó túmọ̀ sí ewúrẹ́ ni, nítorí awọ tí a fi ń ṣe àpò. Ibi yòówù kí ó ti wá, ọ̀rọ̀ náà ti la òkun já, ó ti la aṣálẹ̀ já, ó sì ti wọ ilẹ̀ Nàìjíríà kí òyìnbó aláṣẹ kankan tó dé. Àwọn ará Tunisia àti Libya náà ní fèrè alápò tiwọn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní fèrè alápò kò kan Áfíríkà rárá kò tíì wo ọ̀rọ̀ náà fínnífínní.

Igi tí wọ́n fi ń gbẹ́ fèrè náà tún ń jẹ́rìí sí èyí. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, igi dúdú kan tí àwọn tí ń sọ èdè Swahili ń pè ní mpingo ni àwọn agbẹ́fèrè ilẹ̀ Scotland wá fẹ́ràn jù lọ. Tanzania àti Mozambique ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Igi náà le, ó sì wúwo débi pé bí a bá sọ ọ́ sómi, yóò rì. Kì í yára dàgbà. Ọmọ ènìyàn lè gbó kí ó sì kú kí igi kan tó tó gé. Eyín erin ni wọ́n sì máa fi ń ṣe òrùka ẹ̀ṣọ́ sí ara àwọn ọ̀pá náà láyé àtijọ́, irú eyín tí àwa fi ń ṣe ọ̀kinkin ọba. Nígbà tí ó di 1989, àwọn orílẹ̀-èdè fi ohùn ṣọ̀kan láti dá òwò eyín erin láàárín orílẹ̀-èdè dúró, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1990. Ní 2017, wọ́n fi igi mpingo àti àwọn igi tí ó bá a tan sábẹ́ ìṣọ́, ṣùgbọ́n ní 2019 wọ́n yọ ohun èlò orin tí a ti ṣe parí kúrò nínú ìdènà náà. Ilẹ̀ Áfíríkà ni igi ti lọ. Owó iṣẹ́ ọnà rẹ̀ sì ń wọ àpò ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gbẹ́.

Kí a má ṣe rò pé ilẹ̀ Scotland bá iṣẹ́ yìí lórí àwo. Ó fẹ́ẹ̀ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1746, àwọn ọmọ ogun ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun àwọn ọlọ̀tẹ̀ ilẹ̀ Scotland ní pápá Culloden. Lára àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú nígbà ọ̀tẹ̀ náà ni afunfèrè kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ James Reid. Ó rojọ́ pé òun kò gbé idà, òun kò gbé ìbọn, fèrè ni òun ń fun. Ilé-ẹjọ́ dá a lóhùn pé ẹgbẹ́ ogun ilẹ̀ òkè Scotland kì í lọ sójú ìjà láìsí fèrè, nítorí náà ohun ìjà ni fèrè. Wọ́n pa á ní ìlú York ní oṣù kọkànlá ọdún náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé òfin tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ogun yìí dárúkọ fèrè alápò, ó sì fi òfin dè é. Òfin náà kò dárúkọ fèrè. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ jinlẹ̀ ju òfin lọ. Àwọn olóyè tí ń fún afunfèrè ní ilẹ̀, oúnjẹ àti aṣọ ni agbára bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí odò gbẹ, kí ni ẹja yóò ṣe? Irú ewu bẹ́ẹ̀ kò ṣe àjèjì sí ilẹ̀ tiwa. Ohun èlò orin tí ó bá gbé ara lé ààfin, bí ààfin bá di aláìní, ohun èlò náà a máa dákẹ́.

Báwo wá ni wọ́n ṣe gbà á là? Wọ́n lo ọgbọ́n méjì. Ọ̀kan ni ìdíje. Ní 1781, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ òkè Scotland tí wọ́n ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀bùn dá afunfèrè tí ó bá peregedé lọ́lá ní ìlú Falkirk, kí iṣẹ́ náà lè rí ìbòrí tuntun. Èkejì ni kíkọ sílẹ̀, èyí ni ó sì kan àwa olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jù lọ. Láyé àtijọ́, àwọn ọ̀gá afunfèrè, bíi ìdílé MacCrimmon ní erékùṣù Skye, kò fi àmì orin kọ́ ọmọṣẹ́. Wọ́n máa ń fi ẹnu kọ orin fèrè náà ní sílébù: fáwẹ̀lì dúró fún ohùn orin, kọ́ńsónáǹtì sì dúró fún àwọn ohùn tíńtín tí ìka ń ta. Canntaireachd ni wọ́n ń pè é ní èdè wọn. Ọmọṣẹ́ yóò gba orin sẹ́nu kí ó tó gbà á sí ìka. Bí ọmọ onílù tiwa náà ṣe ń kọ́ṣẹ́ nìyẹn: ohun tí ìlù ń sọ ni yóò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ létí, kí ọ̀pá tó tọ́ ọ lọ́wọ́. Ní 1797, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Colin Campbell kó àwọn orin wọ̀nyí jọ sínú ìwé ní sílébù bí wọ́n ṣe ń kọ wọ́n lẹ́nu. Ìwé tí Joseph MacDonald ti kọ ní nǹkan bí 1760 lórí ìlànà fèrè náà sì jáde ní 1803. Lónìí, ènìyàn lè gba oyè nínú fífun fèrè alápò ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ìlú Glasgow. Àwọn tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹnu ṣì ń kọ ọ́ ni ó ṣe é.

Iṣẹ́ ọwọ́ kì í sì í wo ojú ẹni tí ó bí i. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé fèrè alápò lọ sí ilẹ̀ Íńdíà, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú Sialkot, tí ó wà ní Pakistan báyìí, kọ́ bí a ṣe ń gbẹ́ ẹ. Lónìí, Sialkot jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí fèrè alápò ti ń jáde jù lọ láyé, ó sì ń bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Ó tó àkókò kí a padà sí Èkìtì. Nínú ẹ̀ka-èdè Èkìtì, upè ni ipè ń jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ilé ti ń jẹ́ ulé, tí igi sì ń jẹ́ ugi. Fáwẹ̀lì u kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ṣùgbọ́n Èkìtì ṣì dì í mú. Ẹni tí ó bá sọ pé upè ti fi ohun méjì pamọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: ó fi ohun èlò orin pamọ́, ó sì fi ohùn àwọn baba rẹ̀ pamọ́. Bí upè bá kúrò ní ìlú, ọ̀rọ̀ náà yóò bá a lọ. Ẹ wo dùndún: awọ rẹ̀ ní orúkọ, ọ̀sán rẹ̀ ní orúkọ, ṣaworo rẹ̀ ní orúkọ, ọ̀pá tí a fi ń lù ú náà, kọ̀ǹgọ́ ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ Àyàn ń fi ìdílé rẹ̀ hàn. Ohun tí gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ bá ní orúkọ kì í yára kú, nítorí pé a lè rán ọmọdé níṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ wá bi akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Emùré pé kí ni orúkọ ẹ̀yà ara fèrè, kí ni orúkọ ibi tí ètè ń gbé, kí ni a ń pe ìró rẹ̀ nígbà tí ó bá ṣá. Bí kò bá lè dáhùn, ìdákẹ́ rẹ̀ nìkan ti tó ìkìlọ̀.

Àpẹẹrẹ kan wà nílẹ̀ yìí tí ó yẹ kí ó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, àgbà agbẹ́gi tí ó kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún Arínjálẹ̀ Ìsẹ̀ àti Ògògà Ìkẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ dé ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley ní 1924, ó sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Òpó kan láti ààfin náà wà ní ìlú Chicago. Ní 1998, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Áfíríkà ní Washington pàtẹ iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ nìkan. Gbogbo èyí jẹ́ ti igi. Ta ni ó wá mú ohùn wá? Ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, John Pemberton, lọ bá ọ̀kan nínú àwọn aya Ọlọ́wẹ̀. Obìnrin náà ki oríkì ọkọ rẹ̀, wọ́n sì gbà á sílẹ̀. Oríkì yẹn wà lára ẹ̀rí tí ó ṣe iyebíye jù lọ tí a ní nípa ọkùnrin náà láti ẹnu ará ilé rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó lọ béèrè ní ọdún náà ńkọ́? Igi ì bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Chicago, ohùn ì bá sì ti wọ ilẹ̀ lọ.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ láti ṣe kò le, kò sì ní owó nínú púpọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà ní Ìkẹ́rẹ́, tí ó ti kọ́ ọ̀pọ̀ olùkọ́ kí ó tó di yunifásítì ní 2020, kò jìnnà sí Ìsẹ̀, Ọ̀rùn tàbí Emùré. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè tọ àgbàlagbà kan lọ kí ó sì bi í ní ìbéèrè márùn-ún lórí upè tàbí fèrè tí ó mọ̀: Kí ni a fi ń ṣe é? Ta ni ó ń gbẹ́ ẹ? Kí ni orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka-èdè ìlú yìí? Kí ni ó ń sọ nígbà tí ó bá ń dún? Báwo ni ọmọdé ṣe ń kọ́ ọ? Kí ó kọ ìdáhùn sílẹ̀ bí ó ti jáde lẹ́nu àgbà náà, pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó má ṣe yí upè padà sí ipè. Kí ó sì gba ìró rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, nítorí pé ìwé nìkan kò tó. Ṣùgbọ́n ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó bẹ àgbà náà kí ó gbẹ́ ọ̀kan lójú òun, kí òun náà sì gbẹ́ ọ̀kan lójú àgbà. Ìwé lè tọ́jú orúkọ, ẹ̀rọ lè tọ́jú ìró, àmọ́ ọwọ́ nìkan ni ó lè mọ díẹ̀ tí ó wà láàárín èyí tí ó nípọn jù àti èyí tí ó fẹ́lẹ́ jù.

Àwọn kan yóò ní ayé ti lajú, fèrè kò lè bọ́ ènìyàn mọ́. Àwọn ará Sialkot yóò ya ẹnu sí ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn mìíràn yóò ní ọjọ́ ń bọ̀ tí ìjọba yóò dá sí i. Kí ìjọba tó dá sí i, àgbà tí ó mọ̀ ọ́n ń dàgbà sí i lójoojúmọ́.

Ọmọ tí a fi sílẹ̀ lóko pẹ̀lú fèrè ìbẹ́pẹ rẹ̀ kò tíì dákẹ́. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀pá ewé náà yóò rọ, etí ìlà tí ó là yóò lẹ̀ mọ́ra, fèrè kò sì ní ké mọ́. Ọmọ náà kì í sunkún nítorí èyí. Ó mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá mọ́, òun yóò gé òmíràn. Ìyẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ tí fèrè alápò ní í kọ́ wa. Ahọ́n fèrè kì í pẹ́ láyé, kò sì burú bí kò bá pẹ́. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gé ni a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó tán.